Ẹ Yé Ra Ìbòmú Eruku Fún Ẹni Tó Ń Fín Ọ̀dà Mọ́tò: Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nípa Ohun Ààbò

Ìgbàkígbà tí ilé iṣẹ́ tuntun bá ṣí, yálà ibi tí wọ́n ti ń to mọ́tò ni o tàbí ibi tí wọ́n ti ń tún ara rẹ̀ ṣe, ohun kan náà ni mò ń rí. Ọ̀gá á fi owó gidi ránṣẹ́ sọ́jà, wọ́n á kó akoto, gíláàsì àti ìbọ̀wọ́ dé ní páálí páálí, wọ́n á pín in fún gbogbo èèyàn bákan náà, wọ́n á ya fọ́tò, ó parí. Kò sẹ́ni tó béèrè pé kí lẹni tó ń jó irin ń sá fún, kí sì lẹni tó wà nínú yàrá ọ̀dà ń sá fún. Owó ti lọ, ewu ṣì jókòó síbẹ̀. Ó ń bí mi nínú, torí ojú àti ẹ̀dọ̀fóró ọmọ ọlọ́mọ ló ń bá a lọ.

1. Wíwọ ìbọ̀wọ́ nídìí dírìlì. Ẹ bọ́ ọ. Bí ẹ̀rọ tó ń yí bá fa òwú kan, ọwọ́ ló máa tẹ̀ lé e. Ẹ bọ́ òrùka náà.

2. Ìbọ̀wọ́ kan fún gbogbo iṣẹ́. Páànù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lábẹ́ ẹ̀rọ, etí rẹ̀ ń gé èèyàn. Ìbọ̀wọ́ tí wọ́n ṣe torí ìgé lẹ máa rà fún ẹni tó ń gbé e. Ẹ wo àmì EN 388, ìwọ̀n ilẹ̀ Yúróòpù fún ìbọ̀wọ́, lára rẹ̀: nípa dídènà ìgé, lẹ́tà A ló kéré jù, F ló ga jù. Kó sì ní ìbòpá tó dé ìgúnpá, torí apá ni irin ń kọ́kọ́ rí. Níbi tí tínà tí a fi ń po ọ̀dà bá wà, rọ́bà látẹ́ẹ̀sì kò wúlò; irú rọ́bà tí wọ́n ń pè ní nitrile sàn jù ú lọ, síbẹ̀ bí tínà bá ti rin ín, ẹ bọ́ ọ sọnù, ẹ wọ òmíràn.

3. Gíláàsì oòrùn fún ìjó irin. Kò ṣiṣẹ́. Níbi iṣẹ́ MIG, ìyẹn ìjó irin tí wáyà ń jáde fúnra rẹ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ, gíláàsì wẹ́dà tó ṣókùnkùn dé nọ́ńbà 10 ó kéré tán la ń béèrè. Ẹ má sì gbàgbé ọmọ iṣẹ́ tó ń bá wẹ́dà di irin mú. Òun náà ń wo iná yẹn, òun ni kì í rí oorun sùn lálẹ́ torí ojú tó ń ta á.

4. Ìbòmú. Ibí gan-an ni mo ń bọ̀.

Ìbòmú funfun, àní N95 pàápàá, eruku ló ń dá dúró. Ẹni tó ń fi sáńpépà fá pọ́tì lè lò ó. Afẹ́fẹ́ tínà ń gba inú rẹ̀ kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Síbẹ̀ òun náà ni wọ́n ń rà fún àwọn tó ń fín ọ̀dà látàárọ̀ dalẹ́. Àwọn mìíràn ń fi ákísà tó rin fómi di imú, wọ́n ní ó tó.

Kò tó. Ọ̀dà mọ́tò tí a ń pò mọ́ hádínà, ìyẹn èròjà tó ń mú ọ̀dà le, tí àwọn ọmọ iṣẹ́ ń pè ní 2K, ní kẹ́míkà kan nínú tí wọ́n ń pè ní isocyanate. Ó máa ń dá ikọ́ fée, ìyẹn asthma, sílẹ̀. Bí ara bá ti kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ìwọ̀nba bíńtín tó bá tún fẹ́ lu onítọ̀hún, àyà rẹ̀ á há. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé èèyàn kì í gbọ́ òórùn rẹ̀ kó tó ṣeni léṣe. Ìdí nìyẹn tí àjọ HSE ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ń rí sí ààbò lẹ́nu iṣẹ́, fi ní kí ẹni tó ń fín in lo ìbòjú tí wọ́n ń fi rọ́bà fa afẹ́fẹ́ mímọ́ sí. Ẹ má wá lọ fa rọ́bà láti ara kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ lásán o! Epo àti èéfín wà nínú afẹ́fẹ́ yẹn, àfi kí fílítà tirẹ̀ wà láàárín.

Mo mọ ọ̀dọ́kùnrin kan ní ilé iṣẹ́ kan l'Ékòó, ọ̀dà rẹ̀ ń dán débi pé o lè fi ṣe dígí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ lóru, àyà rẹ̀ ń han. Bó bá gba ìsinmi, ara á tù ú, bó bá padà sẹ́nu iṣẹ́, ó tún di ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní òtútù ni. Wọ́n ń fún un ní mílíìkì. Mílíìkì! Ikùn ni mílíìkì ń lọ, ẹ̀dọ̀fóró ni ọ̀dà ń wọ̀. Epo pupa náà kò lè fọ̀ ọ́. Owó mílíìkì tí wọ́n ń ná lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún gbogbo yàrá ọ̀dà ì bá ti ra ojúlówó ìbòjú. Lónìí, ọmọ yẹn kò lè dúró lẹ́nu ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń fín ọ̀dà.

Bí ẹ bá ń lo ìbòmú onífílítà fún tínà, fún fífọ gọ́ọ̀nù tí a fi ń fín ọ̀dà tàbí fún ọ̀dà tí kò ní hádínà, ẹ wo àwọ̀ tó wà lára fílítà náà: búráùn, tí wọ́n kọ A sí, ni ti afẹ́fẹ́ tínà, funfun, tí wọ́n kọ P sí, ni ti eruku àti ìkùukùu ọ̀dà. Méjèèjì lẹ nílò, bí A2P3. Ẹ má fi kọ́ ìṣó nínú yàrá ọ̀dà mọ́jú, torí èédú inú rẹ̀ á máa fa tínà ní gbogbo òru, ilẹ̀ á mọ́, kò ní lè gba nǹkan kan mọ́. Inú ike onídèérí ni kí ẹ dé e mọ́, kí ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ṣí i sára rẹ̀. Kí ẹ tó wọlé, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ bo fílítà méjèèjì, kí ẹ fa èémí sínú: bí ìbòmú bá lẹ̀ mọ́ ojú, ó dáa, bí afẹ́fẹ́ bá ń yọ́ wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, ẹ tún un wọ̀. Irùngbọ̀n kì í jẹ́ kó lẹ̀, ẹ fá a. Kí ẹ má sì ṣí ìbòjú láti wo bí ọ̀dà ṣe ń dán nígbà tí gọ́ọ̀nù ṣẹ̀ṣẹ̀ dákẹ́. Ìkùukùu ṣì wà lójú afẹ́fẹ́, ojú lásán ni kò rí i.

Ohun ìkibọ etí ńkọ́? Bí ariwo bá ti dé 85 dB (dẹ́síbẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n fi ń wọn ariwo) fún wákàtí 8, ó ti ń ba etí jẹ́. Ọ̀pọ̀ kàn ń fi fọ́ọ̀mù náà lé ẹnu etí. Ẹ fi ìka yí i kó tín-ín-rín, ẹ gba ẹ̀yìn orí fi ọwọ́ kejì fa etí sókè, ẹ tì í wọlé, kí ẹ dì í mú títí á fi wú.

Bàtà: mo ti rí èyí tí àtàǹpàkò mi tẹ iwájú rẹ̀ wọlé. Ojúlówó tó ní àmì EN ISO 20345 gbọ́dọ̀ gba ìkọlù 200 joule lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ófárọ́ọ̀lù pọlísítà kò yẹ wẹ́dà, ó ń yọ́ mọ́ ara. Òwú ni kí ẹ rà, kí ẹsẹ̀ ṣòkòtò sì bo ẹnu bàtà.

Àwọn tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò oníbátìrì, ìbọ̀wọ́ rọ́bà fún iná, Class 0, tí a kò gbọdọ̀ lò fún iná tó kọjá 1,000 fóòtì (volt), ni kí ẹ lò, kí ẹ wọ ìbọ̀wọ́ awọ lé e. Ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn kún inú ìbọ̀wọ́ rọ́bà náà, ẹ ká ẹnu rẹ̀ pọ̀, ẹ gbé e sétí, ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ wọ̀ ọ́. Bó bá jò bó ti wù kó kéré tó, ẹ gé e sí méjì kí ẹlòmíràn má bàa mú un.

Ẹ̀yin ọ̀gá, òfin Factories Act ti Nàìjíríà ti gbé e lé yín lọ́rùn láti pèsè nǹkan wọ̀nyí. Ẹ yé yọ owó fílítà nínú owó oṣù àwọn ọmọ iṣẹ́. Ẹni tẹ́ ẹ bá yọ ọ́ lówó rẹ̀ á máa lo ògbólógbòó títí yóò fi já sí wẹ́wẹ́ lójú rẹ̀.