Bí a ṣe ń tún ògiri òkúta ṣe ní abúlé awakùsà àtijọ́

Sìmẹ́ńtì ń ba ilé wọ̀nyí jẹ́ ju ọjọ́ orí wọn lọ. Òkúta àti láìmù, ìyẹn òkúta ẹfun tí wọ́n sun tí wọ́n sì fi omi pa, ni wọ́n fi mọ púpọ̀ nínú wọn. Omi tó bá wọ ògiri bẹ́ẹ̀ ń gba ojú ìsopọ̀ tó wà láàárín òkúta jáde. Tí ẹ bá fi sìmẹ́ńtì dí i, ara òkúta ni omi á gbà, òkúta á sì máa bó.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ibi tó lanu, ẹ wò ó bóyá ilẹ̀ ṣì ń rì, torí ihò àwọn awakùsà lè wà nísàlẹ̀. Ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ẹ máa wọn àárín wọn lóṣooṣù fún ọdún kan gbáko, nítorí ilẹ̀ amọ̀ ń sún kì lásìkò ọ̀dá, ó sì ń wú lásìkò òjò. Bó bá ń fẹ̀ sí i láìpadà, iṣẹ́ ẹnjiníà nìyẹn.

Ẹ fi hámà àti ṣísẹ́lì wa ohun àtijọ́ kúrò nínú ìsopọ̀, kó jìn tó ìlọ́po méjì fífẹ̀ rẹ̀, ó kéré tán mílímítà 25. Ẹ má lo ẹ̀rọ tó ń gé òkúta. Ó máa ń họ etí òkúta. Bí sìmẹ́ńtì kan bá le débi pé òkúta ni yóò fọ́, ẹ fi í sílẹ̀.

Fún àpòpọ̀ tí ẹ ó fi dí i, ẹ po láìmù tó ti ki, ìwọ̀n 1, mọ́ yanrìn fífọ̀ oníhóró kékeré àti ńlá, ìwọ̀n 3. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti awò ìdáàbòbò ojú, torí láìmù ń jó ara. Yanrìn ọ̀fẹ́ tó wà lórí òkìtì ìdọ̀tí kùsà ńkọ́? Ẹ má ṣe mú un rárá. Òjé tàbí arsenic, tó jẹ́ májèlé, lè wà nínú rẹ̀, pyrite, ìyẹn òkúta tó ní irin àti imí ọjọ́ nínú, náà sì lè wà níbẹ̀: bí omi àti afẹ́fẹ́ bá kan án, á di ásíìdì, á sì wú. Irú nǹkan yìí ló fọ́ ọ̀pọ̀ búlọ́ọ̀kù ilé ní Cornwall, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n fi ìdọ̀tí kùsà ṣe; mundic ni wọ́n ń pè é níbẹ̀.

Ẹ wọ́n omi sínú ìsopọ̀, kẹ́ ẹ wá tẹ àpòpọ̀ náà wọlé dáadáa. Ibi tó bá jìn, ìpele ìpele ni; kí ti àkọ́kọ́ le kẹ́ ẹ tó gbé òmíràn lé e. Ibi tó bá fẹ̀, ẹ há òkúta wẹ́wẹ́ sí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò sún kì, yóò sì là. Nígbà tí àtàǹpàkò ò bá lè tẹ̀ ẹ́ wọlé mọ́, ẹ fi orí búrọ́ọ̀ṣì onírun líle lu ojú rẹ̀.

Ìtọ́jú lẹ́yìn iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ ń fò. Láìmù tó bá tètè gbẹ á di lẹ́búlẹ́bú. Ẹ fi àpò ìdọ̀họ tútù bò ó, kó wà ní tútù fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán. Ẹ má ṣe é nígbà tí òtútù bá mú débi tí ìwọ̀n ooru fi lọ sílẹ̀ ju dígíríì 5 Celsius lọ.

Bí ọ̀rinrin ò bá tán síbẹ̀, ẹ wo ìta: ilẹ̀ tó ti ga mọ́ ògiri, ẹ wa á kúrò títí yóò fi fi mílímítà 150 rẹlẹ̀ ju ilẹ̀ inú yàrá lọ, ṣùgbọ́n ẹ má wa á kọjá ìpìlẹ̀.