Bí mo ṣe ṣètò ìrìn-àjò afẹ́ ojú omi àkọ́kọ́ fún ìdílé wa láti Southampton

Àwa márùn-ún la fẹ́ wọ ọkọ̀: èmi, ọkọ mi, ọmọ ọdún 9, ọmọ ọdún 4, àti Màmá, ìyá ọkọ mi. Páásípọ́ọ̀tì Ìlú Ọba ni àwọn ọmọ ń lò. Ti Nàìjíríà ni ti àwa àgbà mẹ́ta, a sì ní àṣẹ láti máa gbé ní Ìlú Ọba. Oru méje ni ìrìn náà: láti Southampton lọ sí Le Havre ní ilẹ̀ Faransé, Zeebrugge ní Bẹ́ljíọ̀mù, Rotterdam ní Nẹ́dálándì àti Hamburg ní Jámánì, kí a tó padà sí Southampton. Kò sí ẹni tó ti bá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ náà rìn rí nínú ẹbí wa. Ohun tí mo ṣe, àti bí mo ṣe tò ó tẹ̀léra, nìyí.

Kàlẹ́ńdà ni mo kọ́kọ́ mú sọ́wọ́, kì í ṣe iye owó. Ẹni tó ń lo páásípọ́ọ̀tì Nàìjíríà nílò físà Schengen, èyí tí ènìyàn fi ń wọ ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, fún irú ìrìn yìí. Kódà bó sọ pé òun kò ní í sọ̀ kalẹ̀ ní èbúté kankan, Southampton gan-an ni wọn yóò ti dá a padà bí kò bá ní in lọ́wọ́. Àwọn tó ń fún ni ní físà kì í gba ìwé ẹni bó bá ju oṣù 6 lọ ṣáájú ìrìn, wọn kì í sì í gbà á mọ́ bó bá ku ohun tó dín ní ọjọ́ 15. Ọjọ́ 15 ni wọ́n fi ń ṣe ìpinnu, ó sì lè fà dé ọjọ́ 45. Ní ọwọ́ kejì, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ máa ń fẹ́ gba gbogbo owó tó kù bí ìrìn bá ku nǹkan bí ọjọ́ 60 sí 90. Kọ́ńsọ́léètì tún fẹ́ rí ìwé pé a ti gba ààyè nínú ọkọ̀. Nítorí náà, bó ṣe yẹ kó rí nìyí: kí ẹ san àsansílẹ̀, kí ẹ lọ gba físà, kí ẹ tó wá san owó tó kù. Ẹni tó bá san gbogbo owó kí físà tó jáde ti fi owó rẹ̀ lé kọ́ńsọ́léètì lọ́wọ́. Ìrìn tó ṣì ku oṣù 8 ni mo yàn. Nígbà tó ku oṣù márùn-ún ààbọ̀, a gbé ìwé lọ. Bí wọ́n bá tilẹ̀ ní kí a lọ kí a bọ̀, físà yóò ti jáde kí ọjọ́ owó àṣekágbá tó pé, bí wọ́n bá sì kọ̀ wá, àsansílẹ̀ nìkan la ó pàdánù.

Orílẹ̀-èdè tí ẹ bá máa pẹ́ jù ni ẹ ó gba físà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí iye ọjọ́ bá dọ́gba, èyí tí ẹ ó kọ́kọ́ wọ̀ ni. Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ni ọkọ̀ wa máa lò ní ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan, Le Havre ló sì ṣáájú, ìdí nìyí tó fi jẹ́ ti Faransé. Láti oṣù kẹfà ọdún 2024, €90 ni owó físà àgbàlagbà, yàtọ̀ sí owó iṣẹ́ àwọn tó ń gba ìwé. Ìwé ìbánigbófò ìlera tó tó €30,000 ó kéré tán gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé tí ẹ ó gbé lọ. Físà oníwọlé púpọ̀, èyí tí ẹ lè fi wọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ni kí ẹ béèrè, nítorí pé ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ lè yí èbúté padà nígbà tí ojú ọjọ́ bá burú, àdéhùn tí ẹ fọwọ́ sí sì fún wọn láṣẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa bóyá Áyálándì wà nínú ìlà ìrìn: kò sí nínú Schengen, físà tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni ọmọ Nàìjíríà ń gbà. Páásípọ́ọ̀tì àwọn ọmọ náà gbọ́dọ̀ ṣì ní oṣù 3 lẹ́yìn ọjọ́ tí wọn yóò kúrò ní Schengen. Ọdún 5 péré ni ti ọmọdé ń lò ní Ìlú Ọba, ó sì máa ń parí láìjẹ́ pé òbí fura.

Orúkọ ń da àwa Yorùbá láàmú ju bó ṣe yẹ lọ. Ìlà méjì tó wà nísàlẹ̀ páásípọ́ọ̀tì, tó kún fún àmì kékeré wọ̀nyẹn, ni mo fi tẹ orúkọ: orúkọ ìdílé lákọ̀ọ́kọ́, orúkọ àbísọ tẹ̀lé e, láìsí àmì ohùn, láìgé Oluwaseun sí Seun. Bí ìyàwó bá ṣì ń lo orúkọ bàbá rẹ̀ nínú páásípọ́ọ̀tì, kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kó sì mú ìwé ìbí àwọn ọmọ dání kí wọ́n lè rí i pé òun ló bí wọn. Ilé-iṣẹ́ mìíràn ń gba owó láti tún lẹ́tà kan ṣoṣo ṣe.

Ní ti ilé-iṣẹ́ tí a kò mọ̀, ọkọ̀ gan-an ni mo wádìí ju orúkọ ilé-iṣẹ́ lọ. Ilé-iṣẹ́ kan náà lè ní ọkọ̀ tuntun àti ọkọ̀ tó ti lo ogún ọdún lẹ́ẹ̀kan náà. Mo wá orúkọ ọkọ̀ náà, ọdún tí wọ́n kàn án, àti ọdún tí wọ́n tún un ṣe kẹ́yìn. Bí ọkọ̀ bá ti ń lọ sí èbúté Amẹ́ríkà rí, àjọ CDC, tó ń rí sí ìlera ará ìlú níbẹ̀, ti máa ń yẹ ìmọ́tótó rẹ̀ wò láìsọ tẹ́lẹ̀. Nínú 100 ni wọ́n ń gba máàkì, ẹni tó bá gba 85 sísàlẹ̀ sì ti kùnà, gbogbo ènìyàn ló lè ka èsì náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà ni mo tẹ ilé-iṣẹ́ náà láago pẹ̀lú ìbéèrè pàtó. Èdè wo ni àwọn olùtọ́jú ọmọdé ń sọ? Ṣé omi tábìlì lọ́fẹ̀ẹ́ ni, àbí a ó sanwó rẹ̀? Aago mélòó ni oúnjẹ alẹ́ àkọ́kọ́? Ìbéèrè omi yẹn ṣe pàtàkì, nítorí pé àwọn ilé-iṣẹ́ Yúróòpù kan ń ta omi inú ìgò lórí tábìlì.

Ibi tí owó ti ń sọnù jù ni yàrá. Ènìyàn mẹ́rin ni ọ̀pọ̀ yàrá ń gbà mọ, nítorí náà yàrá méjì ni ènìyàn márùn-ún nílò. Ìpolówó sì ń pariwo pé ọmọdé lọ lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ẹni kẹta àti ẹni kẹrin nínú yàrá nìkan ni wọ́n ń sọ. Ẹni méjì àkọ́kọ́ ń san odidi owó, ìbáà jẹ́ ọmọ ọdún 4. Ẹni tó bá sì dá gba yàrá máa ń san tó owó ènìyàn méjì. Mo kọ ọ̀nà méjèèjì sílẹ̀. Bí àwa méjì àti ọmọ méjèèjì bá wà nínú yàrá kan, Màmá yóò dá wà, yóò sì san ìlọ́po méjì. Bí ọmọ ọdún 9 bá lọ bá Màmá, odidi owó ni wọn yóò kà sí ọmọ náà lórùn, ṣùgbọ́n ibùsùn tí Màmá ì bá ti sanwó rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló sùn sí. Owó yàrá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, a sì wá ní ààyè láti mí. Ọ̀nà kejì yìí ni mo mú. Ẹ má gbàgbé pé owó èbúté àti owó orí wà lórí ọmọ tí wọ́n ní ó lọ lọ́fẹ̀ẹ́ pàápàá.

Ohun kan wà tí kì í hàn sí ẹni tó ń wo ẹ̀rọ: ẹ lè rí i pé yàrá ẹlẹ́ni mẹ́rin ṣófo, kí ó sì kọ̀ láti gba ẹni kẹta yín. Iye ènìyàn tí ọkọ̀ ìgbàlà ní apá ibẹ̀ lè kó ló ti pé. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ìdílé tètè gba ààyè. Mo fóònù kí wọ́n so ìwé yàrá méjèèjì pọ̀, kí a lè jókòó sí tábìlì kan náà, mo sì yan yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní apá kan náà. Agbedeméjì ọkọ̀, ní àjà ìsàlẹ̀, ni ìmì ti kéré jù. Màmá kì í fẹ́ òòyì, omi láàárín Ìlú Ọba àti Yúróòpù sì máa ń ru. Mo yẹ àwòrán ọkọ̀ wò kí ibi ìwẹ̀ má bàa wà lókè orí wa, nítorí pé òwúrọ̀ kùtù ni wọ́n ti ń wọ́ àga níbẹ̀, kí gbọ̀ngàn ijó má sì wà nísàlẹ̀.

Owó tí ẹ rí lójú ẹ̀rọ kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Owó iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ń gorí ìṣirò lóròòru. Ká ní £10 ni fún àgbàlagbà, ìdajì fún ọmọdé, ti àwa márùn-ún fún oru méje jẹ́ £280. Bí ẹnì kan bá ra ìwé ọtí, ìyẹn owó àsansílẹ̀ fún ohun mímu ní gbogbo ìrìn náà, ilé-iṣẹ́ púpọ̀ yóò fi dandan lé e pé kí àgbàlagbà kejì nínú yàrá náà rà á. Káàdì kírédíìtì ni mo fi san owó ọkọ̀, tààrà fún ẹni tó tà á, nítorí òfin Ìlú Ọba ní kí báńkì náà dáhùn pẹ̀lú ẹni tó tà á bí nǹkan bá yíwọ́, bí ohun tí a rà bá ju £100 lọ tí kò sì kọjá £30,000. Nínú ọkọ̀ pẹ̀lú, ẹ yẹra fún káàdì dẹ́bíìtì: wọ́n máa ń ti owó mọ́ inú àkáǹtì yín fún ọjọ́ mélòó kan, ó sì lè ṣẹlẹ̀ pé owó ilé ni wọ́n tì mọ́lé.

Ìbánigbófò tó mẹ́nu ba ìrìn ojú omi ni kí ẹ rà. Kó sọ̀rọ̀ nípa gbígbé aláìsàn kúrò lójú omi, àti nípa ọkọ̀ tí kò dé èbúté. NHS, ètò ìlera ìjọba Ìlú Ọba, kò dé inú ọkọ̀, owó gọbọi sì ni dókítà ibẹ̀ ń gbà. Ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oògùn ti kápá rẹ̀, la sọ fún wọn pátápátá. Àìsàn tí a bá fi pamọ́ ni wọ́n ń fi kọ owó sísan.

Ní ti èbúté, mo yọ Paris kúrò nínú ètò wa. Ó tó 200 kìlómítà láti Le Havre, ọ̀nà ni ẹ ó fi ọjọ́ náà jẹ, ọmọ ọdún 4 kò sì lè fara dà á. Bí ẹ bá fẹ́ lọ bí ó ti wù kó rí, ẹ bá bọ́ọ̀sì ọkọ̀ lọ, nítorí pé ọkọ̀ máa ń dúró de bọ́ọ̀sì tirẹ̀. Kì í dúró de ẹni tó dá lọ. Ní Zeebrugge, ẹ kò lè fi ẹsẹ̀ rìn nínú èbúté, bọ́ọ̀sì ni yóò gbé yín jáde, reluwé láti Blankenberge sì ń gbé ènìyàn dé Brugge ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 15. Rotterdam kò nílò owó ìrìn kankan: àárín ìlú ni ọkọ̀ ń dúró, lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá Erasmus. Aago Yúróòpù fi wákàtí kan ṣáájú ti Ìlú Ọba, ẹ béèrè aago tí ọkọ̀ ń tẹ̀lé kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀.

Áyọ́ọ̀nù, kẹ́tù, àbẹ́là àti ohun ìdáná kì í wọ inú ọkọ̀, iná ni wọ́n ń bẹ̀rù. Nílé ni mo ti lọ ìró àti bùbá wa fún alẹ́ ìmúra, mo sì ká wọn kiribiti dípò kí n pa wọ́n pọ̀. Oúnjẹ tí a sè nílé kò wọlé. Ata gígún inú ike tí a kò tíì tú ni mo mú, ẹran tàbí wàrà láti Ìlú Ọba kò sì gbọ́dọ̀ bá yín sọ̀ kalẹ̀ sí Yúróòpù. Ọṣẹ àti omi ni kí ẹ máa fi fọ ọwọ́ ṣáájú oúnjẹ, nítorí pé jẹ́ẹ̀lì ọlọ́tí kì í pa kòkòrò norovirus, tó ń fa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru, dáadáa.

Ní Southampton, gbọ̀ngàn ọkọ̀ 5 ló wà, ẹ ka orúkọ ti yín nínú ìwé kí ẹ tó wọ takisí. Àwọn aláàárù yóò gba àpótí ńlá lọ́wọ́ yín, ó sì lè di alẹ́ kó tó dé ẹnu ọ̀nà yàrá. Báàgì ọwọ́ ni páásípọ́ọ̀tì, oògùn Màmá nínú páálí rẹ̀ pẹ̀lú ti ọjọ́ 4 lé, aṣọ ìwẹ̀ àwọn ọmọ àti ṣájà gbọ́dọ̀ wà. Ẹ ti fóònù sí ipò ọkọ̀ òfuurufú kí ọkọ̀ tó gbéra, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ojú omi ń jẹ owó púpọ̀.

Ohun tó kẹ́yìn ni ìdánrawò ewu, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ wa ní ohun tí a ó ṣe bí ewu bá dé. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ Costa Concordia dànù lẹ́bàá erékùṣù Giglio ní Ítálì ní ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 2012, tí ènìyàn 32 kú, wọ́n sọ ọ́ di òfin láti ọdún 2015 pé kí ìdánrawò náà wáyé kí ọkọ̀ tó gbéra tàbí lójú ẹsẹ̀ tó bá gbéra. Lẹ́tà ibi ìpéjọ wà lórí káàdì yàrá kọ̀ọ̀kan. Yàrá méjì lè ní lẹ́tà méjì, ọmọ yín á sì wà ní apá kan, ẹ̀yin ní apá kejì. Mo gbé káàdì wa àti ti Màmá sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn: lẹ́tà kan náà ni. Ká ní wọ́n yàtọ̀ ni, tábìlì ìgbàlejò ni ǹ bá kọ́kọ́ lọ, kí n tó tú báàgì kankan.