Bí A Ṣe Lè Mọ Ibi Tí Férémù Kẹ̀kẹ́ Àlòkù Àtijọ́ Ti Wá

Ọ̀dà àti orúkọ ara férémù ni ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ lọ sí, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ni ó rọrùn jù láti pààrọ̀. Ihò ìsàlẹ̀, níbi tí ọ̀pá tó gbé pẹ́dàlì dúró gbà kọjá, ni èmi gbà pé ó ṣeé gbọ́kàn lé jù. Ẹ yọ ọ̀pá náà, kí ẹ fi kẹrosíìnì fọ gíríìsì tó ti gan síbẹ̀, kí ẹ sì wo tírẹ́ẹ̀dì inú rẹ̀, ìyẹn àwọn ìlà yíyípo tí irin tí a ń yí wọlé máa ń dì mú. Bí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ òsì ni a ń yí irin tó wọ ẹ̀gbẹ́ ṣéènì sí kí ó tó le, ó ṣeé ṣe jù kí ó jẹ́ ìlànà Gẹ̀ẹ́sì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ará Japan náà lò ó. Ní ti Ítálì, ọwọ́ ọ̀tún ni ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹ tún ka iye tírẹ́ẹ̀dì tó wà nínú íǹṣì kan: 24 ni ìlànà Gẹ̀ẹ́sì gbogbogbòò, ṣùgbọ́n 26 ni ilé iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ Raleigh ti ìlú Nottingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lò fún ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ẹ̀rí tí ọ̀dà tuntun kò lè bò mọ́lẹ̀.

Bí àmì irin iwájú, tí orúkọ ilé iṣẹ́ máa ń wà lára rẹ̀, bá ti já, ẹ fi àlàfo àárín ihò ìṣó rẹ̀ wé ti àmì ilé iṣẹ́ tí ẹ ń fura sí.

Bí irin àárín wíìlì ẹ̀yìn bá jẹ́ ti Sturmey-Archer, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe irú irin bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà méjì tí wọ́n tẹ̀ sí i lára, bíi 62, sábà máa ń tọ́ka sí ọdún tí wọ́n ṣe é, ìyẹn 1962. Ṣùgbọ́n wíìlì ṣeé pààrọ̀, nítorí náà ọjọ́ orí irin yẹn nìkan ni ó fi hàn dájú.