Bí mo ṣe tọ́jú ara mi lẹ́yìn tí wọ́n gé ọmú mi nítorí jẹjẹrẹ

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi yin Ọlọ́run. Mo fẹ́ sọ bó ṣe lọ, torí nígbà tí èmi ń wá ẹni tó máa là mí lọ́yẹ̀, ẹ̀rí "Ọlọ́run ṣe é" nìkan ni wọ́n ń jẹ́ fún mi, òótọ́ sì ni, àmọ́ kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ ike tí wọ́n máa so mọ́ èèyàn lára tàbí apá tí ò ní fẹ́ gbéra ńlẹ̀ mọ́.

UITH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìlọrin, ni wọ́n ti ṣe é. Nígbà tí mo jí, rọ́bà ti jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìhà mi, ó já sínú ike kan tó ń fa ẹ̀jẹ̀ àti omi, òun náà ni mo gbé wálé ní Táńkẹ̀. Láràárọ̀ màá fọṣẹ́ fọwọ́, màá da omi inú ẹ̀ sínú ife tí wọ́n sàmì sí, màá kọ iye ẹ̀ sínú ìwé, màá wá fún ike yẹn pọ̀ kí n tó dé e, torí tí ò bá sún kì, kò ní fa nǹkan kan. Ó kọ́kọ́ pupa bíi sóbò, nígbà tó yá ó mọ́ díẹ̀díẹ̀. Ìgbà tí ò tó 30 ml mọ́ láàárín wákàtí 24 ni wọ́n tó yọ ọ́. Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi pé tí ojú ọgbẹ́ bá gbóná, tó pọ́n, tó ń rùn, tàbí ibà dé, kí n má dúró dọjọ́ clinic.

Ẹnì kan wá kí mi, ó ní tí mo bá nígbàgbọ́ kí n pa oògùn tì. Mi ò bá a jiyàn, mo ní kó bá mi ṣí Àwọn Ọba Kejì orí 20. Hesekáyà sunkún, Ọlọ́run gbọ́, Ó fi ọdún 15 kún ọjọ́ ayé ẹ̀, síbẹ̀ Aísáyà ṣì ní kí wọ́n mú èso ọ̀pọ̀tọ́ wá, wọ́n fi lé oówo tó ń ṣe é, ó sì san. Ọlọ́run kan náà ló ṣe méjèèjì. Ibẹ̀ lọkàn mi balẹ̀ sí.

Iṣẹ́ wá kù sí apá. Wọ́n ti yọ àwọn kókó abẹ́ abíyá, gbogbo ẹ̀ ló le gan-an, mi ò lè di irun ara mi. Físíò, ìyẹn ẹni tó ń kọ́ni bí a ṣe máa lo ara padà, ní kí n kọjú sógiri, kí n máa fi ìka gùn ún lọ sókè. Mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tí mo bá dé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn kíṣìnnì. Sáàmù 121 ni mo fi ń ṣe é, ẹsẹ kan, ìka á gùn díẹ̀, màá mí, ẹsẹ míì, títí màá fi dé ẹsẹ 8, màá wá rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ọjọ́ míì wà tí omijé á máa dà tí àmì ò sì ní kúrò lójú kan, màá ṣáà kà á parí. Mo máa ń lo parasitamọ́ọ̀ ṣáájú, ó ń ràn mí lọ́wọ́.

Àwọn obìnrin ìjọ wa, ECWA, pín ọjọ́ láàárín ara wọn, ẹni tó máa fọṣọ, ẹni tó máa dáná, àdúrà nìyẹn náà lójú tèmi. Alájà ará ilé kejì ló ń bá mi ra wàrà, torí dókítà ní kí n máa jẹ ẹyin, ẹja, ẹ̀wà àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kí ọgbẹ́ lè tètè jinná. Ọlọ́run á san án fún gbogbo wọn.

Apá yẹn ti ń gbé sókè dáadáa báyìí, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kí wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ tàbí fi wọn ìfúnpá, mi ò sì fi gbé ẹrù wúwo, kó má baà wú. Mo ti gba chemo, ìyẹn oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, tán, Tamoxifen, oògùn tí wọ́n fi ń dènà kó má padà wá, ni mò ń lò lójoojúmọ́. Clinic mi ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, ẹ bá mi fàdúrà sí i, ẹni tó bá sì ń gbé ike yẹn kiri lọ́wọ́ báyìí, tó ní ìbéèrè, kó bi mí.