Bí mo ṣe mú kí Firefox yára ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Kétu

Ìyá kan tó ń ta gàrí ló jẹ́ kí n fi ọwọ́ ọ̀kúnkúndùn mú ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n wá sí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tẹ ìwé tí mo sì ń ṣe fọ́tòkópì, nítòsí Akaba Idena, ẹnubodè àtijọ́ ìlú Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin, pé kí n bá àwọn gba ìwé kan fún ọmọ àwọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo ṣí ojú-ewé náà. Ó ń yí, ó ń yí. Ìyá jókòó títí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ọjà mi wà níta o. Ṣé kí n lọ kí n padà wá ni?" Mo ní, "Ẹ má bínú, Ìyá, rẹ́sò ni." Wọ́n lọ. Àmọ́ fóònù àbúrò mi, tó ń lo rẹ́sò (ìsopọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì) kan náà, ti ṣí ojú-ewé yẹn kí wọ́n tó yọ lójú wa. Ó dùn mí gan-an. Ohun tí mo sọ fún àgbàlagbà yẹn kì í ṣe òótọ́.

Owó ni mẹ́gà, ìyẹn dátà íntánẹ́ẹ̀tì, níbí. Ẹni tó bá wà ní Benin ní 2018 á rántí ìgbà tí ìjọba gbé owó-orí fáráǹkì 5 lé mẹ́gà kọ̀ọ̀kan tí a bá lò lórí Facebook, WhatsApp àti irú wọn. Ariwo #TaxePasMesMo gbòde, wọ́n sì fagi lé e ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń ṣọ́ mẹ́gà fóònù mi bí ẹni ṣọ́ owó ọjà, ṣùgbọ́n n kò fìgbà kan wo ohun tí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù ń jẹ.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo tẹ Ctrl, Shift àti E pọ̀ nínú Firefox, ohun tí mo fi ń ṣí ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì lórí kọ̀ǹpútà. Pátákó kan ṣí nísàlẹ̀ tí wọ́n kọ "Réseau" sí, nítorí Faransé ni Firefox tèmi. Mo wá ṣí ojú-ewé ìròyìn kan tí àwọn oníbàárà mi máa ń kà. Gbogbo ohun tó ń wọlé bẹ̀rẹ̀ sí í tò lọ́kọ̀ọ̀kan: ohun 214, mẹ́gà 6 àti díẹ̀, ìṣẹ́jú-àáyá 41. Ìròyìn fúnra rẹ̀ kò ju ìpínrọ̀ mẹ́fà lọ! Ìpolówó, fídíò tó ń ṣí fúnra rẹ̀ àti àwọn tó ń tọpa ènìyàn ló kó ìyókù. Ẹni tó bá fẹ́ tún tirẹ̀ ṣe, ibi wíwọ̀n yìí ni kó ti bẹ̀rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní mọ̀ bóyá ohun tó ṣe ràn án lọ́wọ́.

Mo kọ́kọ́ ṣìnà. Mo ní ìwé kan tí ọ̀rẹ́ mi kọ fún mi láyé àtijọ́: kí n kọ about:config, tó ń ṣí ètò inú Firefox, síbi àdírẹ́sì, kí n sì sọ network.http.pipelining di true. Mo kọ ọ́. Firefox kò rí i, ṣùgbọ́n ó gbà mí láyè láti fi kún un, mo tẹ àmì àròpọ̀, ó sì jókòó síbẹ̀ bí ohun tó ń ṣiṣẹ́. Mo tún wọ̀n ọ́n: 41 náà ni. Nígbà tí mo wádìí ni mo mọ̀ pé wọ́n ti yọ pipelining kúrò nínú Firefox láti 2017. Orúkọ lásán ni mo kọ síbẹ̀.

Ìdí tí wọ́n fi yọ ọ́ dára láti mọ̀. HTTP ni ìlànà tí ẹ̀rọ fi ń béèrè ojú-ewé. Ti àtijọ́ dà bí ọmọ tí a rán lọ sọ́jà, tó gbọ́dọ̀ mú iyọ̀ dé kí a tó rán an ní ata. Pipelining ní kí a ka gbogbo ẹrù fún un lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n bí a ṣe kà á ló gbọ́dọ̀ fi mú un wá. Bí iyọ̀ bá pẹ́, ata á dúró dè é. HTTP/2, tó jáde ní 2015, tú ìdè yẹn: èyí tó bá tètè yá ni yóò tètè wọlé.

Ìwé ọ̀rẹ́ mi tún ní kí n gbé network.http.max-persistent-connections-per-server sókè, ìyẹn iye ìsopọ̀ tí Firefox lè ṣí lẹ́ẹ̀kan náà sí ibì kan. 6 ló wà níbẹ̀, mo sọ ọ́ di 20. Kò mú ohunkóhun yára, mo dá a padà sí 6. Mo dúpẹ́ pé mo ti kọ iye àtijọ́ sínú ìwé kí n tó fọwọ́ kàn án.

Ibi tí ọ̀ràn wà gan-an ni "Paramètres", ibi ètò Firefox, lábẹ́ "Vie privée et sécurité" (àṣírí àti ààbò). Ẹnìkan ti sọ fún mi rí pé kí n máa nu cache dànù lójoojúmọ́ kí ẹ̀rọ lè yára, mo sì ti ní kí Firefox máa nu gbogbo rẹ̀ bí mo bá ti pa á. Àká ni cache. Ibẹ̀ ni Firefox ń kó àwòrán àti ìrísí lẹ́tà tó ti gbà tẹ́lẹ̀ sí, kó má bàa tún lọ gbà wọ́n. Lálaalẹ́ ni mò ń da àká nù, láràárọ̀ ni mo sì ń fi mẹ́gà ra nǹkan kan náà. Mo yọ àmì kúrò níwájú cache nìkan. Ti cookies, àmì tí ojú-ewé fi ń rántí ẹni tó wọlé, mo fi í sílẹ̀ kó máa nù, torí àwọn oníbàárà ń ṣí àkáǹtì wọn lórí ẹ̀rọ yìí, n kò sì fẹ́ kí ẹni tó bá wọlé tẹ̀lé wọn bá a ní ṣíṣí.

Mo yọ àwọn àfikún Firefox márùn-ún tí n kò lò, mo fi uBlock Origin síi láti dí ìpolówó, mo sì lọ sí "Lecture automatique" kí fídíò má ṣe ṣí fúnra rẹ̀ mọ́. Mo wọn ojú-ewé ìròyìn yẹn: ohun 58, mẹ́gà 1 àti díẹ̀, ìṣẹ́jú-àáyá 12. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, pẹ̀lú àká tó ti kún, ó di ìṣẹ́jú-àáyá 5.

Fún ìrọ̀lẹ́ tí rẹ́sò bá rẹ̀ gan-an, mo máa ń sọ permissions.default.image di 2 nínú about:config. Kò ní sí àwòrán kankan mọ́. 1 ló ń dá wọn padà.

Ó wà ní 2 lọ́jọ́ tí ìyá padà dé. Ojú-ewé ṣí kíá, ṣùgbọ́n àwòrán lẹ́tà tí a ní láti dà kọ kò hàn. Mo dá a padà sí 1, mo tún ojú-ewé náà ṣí, ìwé sì jáde. Mo ní, "Ìyá, ọjọ́sí, kì í ṣe rẹ́sò. Ẹ̀rọ mi ni." Wọ́n ní, "Ó dáa, ọmọ mi," wọ́n ká ìwé náà sínú ìborùn, wọ́n sì gba ọ̀nà ọjà lọ.