Bí Ẹ Ṣe Lè Dá Níúrọ̀nù àti Àwọn Sẹ́ẹ̀lì Alátìlẹyìn Rẹ̀ Mọ̀ Láìkọ́ Wọn Lákọ́sórí

Láàárín àwọn ọmọ Yorùbá tí mo ń kọ́ ní Kubwa, lẹ́bàá Àbújá, tí wọ́n ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò ilé-ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, ibì kan náà ni ọ̀pọ̀ ti máa ń kọsẹ̀. Wọn a ka orúkọ sẹ́ẹ̀lì bíi mẹ́wàá bí ẹni ń ki oríkì, ṣùgbọ́n bí a bá gbé àwòrán kan ṣoṣo síwájú wọn, wọn kì í mọ èyí tó jẹ́ níúrọ̀nù, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé ìròyìn kiri inú ara, yàtọ̀ sí èyí tó ń tì í lẹ́yìn. Ọ̀nà tí mo fẹ́ fi hàn yín kò gba àkọ́sórí. Ìbéèrè mẹ́ta ni kí ẹ máa bi sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan: níbo ló ń gbé, báwo ló ṣe rí, iṣẹ́ wo ló sì ń jẹ́?

Ẹ mú pẹ́ńsùlù àti ìwé tí kò nílà. Ẹ ya ara sẹ́ẹ̀lì sí àárín ojú ewé, kí ẹ fa àwọn ẹ̀ka wẹ́wẹ́ tó ń gba ìròyìn jáde lára rẹ̀ bí gbòǹgbò igi. Dendrite ni orúkọ wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ fa fọ́nrán gígùn kan ṣoṣo, èyí tí ń jẹ́ axon, tó ń gbé ìròyìn lọ. Fọ́nrán yìí lè gùn tó mítà 1 lára àgbàlagbà, nítorí pé inú okùn ọ̀pá ẹ̀yìn ni ara níúrọ̀nù tó ń pàṣẹ fún ẹsẹ̀ wà, ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ lọ́hùn-ún sì ni fọ́nrán rẹ̀ parí sí. Mo tẹnu mọ́ àwòrán yíyà nítorí pé òun gan-an la fi mọ àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí. Ní 1873, Camillo Golgi ará Ítálì rí ọgbọ́n fífi èròjà fàdákà kun ọpọlọ, tó fi jẹ́ pé ìwọ̀nba sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ ló ń dúdú, tí gbogbo ẹ̀ka wọn sì ń hàn ketekete. Santiago Ramón y Cajal ará Sípéènì gba ọgbọ́n yìí lò, ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya ohun tó rí, àwòrán rẹ̀ ló sì mú un gbà pé níúrọ̀nù kọ̀ọ̀kan dá dúró, pé wọn kò hun pọ̀ bí àwọ̀n gẹ́gẹ́ bí Golgi ti rò. Àwọn méjèèjì jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1906 láìfẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ náà.

Nínú ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ti iṣẹ́ ni mo máa ń fi ṣáájú. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, mo na ọwọ́ sí ìdérí ìkòkò orí iná láìfi àkísà dì í mú. Kí n tó mọ̀ pé ó gbóná, ọwọ́ mi ti fà sẹ́yìn. Sensory neuron ló gbé ìròyìn láti awọ ìka mi wọ inú okùn ọ̀pá ẹ̀yìn. Interneuron, tí èmi máa ń pè ní alárinà, gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Motor neuron sì gbé àṣẹ padà sí iṣan apá pé kó sún kì. Okùn ọ̀pá ẹ̀yìn ti parí ẹjọ́ náà kí ọpọlọ tó gbọ́.

Bí iṣẹ́ bá ti yé yín, ìrísí kò ní ṣòro. Motor neuron àti ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn alárinà ní ẹ̀ka púpọ̀, multipolar nìyẹn. Sensory neuron inú awọ ní igi kan ṣoṣo tó pín sí méjì, ara rẹ̀ wá so sí ẹ̀gbẹ́ bí èso, nínú kókó kékeré tó wà lẹ́bàá ọ̀pá ẹ̀yìn. Onífọ́nrán méjì, èyí tí ìwé ń pè ní bipolar, kò wọ́pọ̀. Inú ojú àti imú ni kí ẹ ti wá a.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọwọ́ mi tó jóná. Ìrora méjì ni mo mọ̀: èkíní ta mí ṣáń bí abẹ́rẹ́, ó sì lọ, èkejì dé lẹ́yìn rẹ̀, ó ń jó mí wòòwòò, kò sì tètè tán. Fọ́nrán tó gbé èkíní ní ọ̀rá myelin lára, ọ̀rá náà ìbáà tilẹ̀ fẹ́lẹ́. Ti èkejì wà níhòòhò, bíi mítà 1 péré ló sì ń rìn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nígbà tí fọ́nrán tí myelin rẹ̀ nípọn jù lọ lè rìn tó mítà 120 láàárín àkókò kan náà. Myelin kò bo fọ́nrán látòkè délẹ̀. Bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sára òwú, tí a fi àlàfo sí àárín wọn, ló rí, ìròyìn a sì máa fò láti àlàfo dé àlàfo, bí bọ́ọ̀sì tó gbéra ní Kubwa, tí kò dúró níbi gbogbo títí tó fi dé Berger.

Ta ló ń ṣe myelin? Ibí ni a ti dé ọ̀dọ̀ àwọn alátìlẹyìn. Rudolf Virchow ará Jámánì ló sọ wọ́n ní neuroglia ní 1856, orúkọ tó wá láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí àtè, torí ó rò pé wọn kò ju ohun tó ń lẹ níúrọ̀nù pọ̀ lọ. Orúkọ náà kéré sí wọn. Ẹ má sì kọ ọ́ sínú ìdánwò mọ́ pé wọ́n fi ìlọ́po mẹ́wàá ju níúrọ̀nù lọ: ìṣirò tó jáde ní 2009 fi hàn pé níúrọ̀nù tó wà nínú ọpọlọ ènìyàn tó bílíọ̀nù 86, àwọn sẹ́ẹ̀lì yòókù kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí iye yẹn.

Ẹ fa ìlà sí àárín ewé mìíràn. Apá kan jẹ́ ti ọpọlọ àti okùn ọ̀pá ẹ̀yìn, apá kejì jẹ́ ti ìyókù ara. Ní apá kìíní, astrocyte rí bí ìràwọ̀, ó fi ẹsẹ̀ tẹ òpó ẹ̀jẹ̀, ó sì ń palẹ̀ àṣẹ́kù èròjà mọ́ láyìíká níúrọ̀nù. Microglia ń jẹ kòkòrò àti òkú sẹ́ẹ̀lì. Àwọn ependymal tẹ́ ògiri ihò inú ọpọlọ, irun wẹ́wẹ́ orí wọn ń ti omi ibẹ̀ kiri. Oligodendrocyte ló ń ṣe myelin níbẹ̀. Ní apá kejì, sẹ́ẹ̀lì satellite yí ara níúrọ̀nù ká nínú kókó ẹ̀bá ọ̀pá ẹ̀yìn, sẹ́ẹ̀lì Schwann sì ń ṣe myelin.

Oligodendrocyte àti Schwann yìí ni wọ́n fi ń mú akẹ́kọ̀ọ́. Oligodendrocyte kan a máa na apá sí ọ̀pọ̀ fọ́nrán lẹ́ẹ̀kan náà. Schwann kò ju ẹyọ ìlẹ̀kẹ̀ kan lórí fọ́nrán kan lọ: ó lọ́ ara rẹ̀ mọ́ fọ́nrán náà lẹ́ẹ̀mélòó kan, ìpele lórí ìpele, bí a ti ń wé láwàní fún ọba níhìn-ín ní òkè Ọya. Ó tún ń la ọ̀nà fún fọ́nrán tó gé láti hù padà, ohun tí oligodendrocyte kì í ṣe.

Kí ẹ tó pa ìwé dé, ẹ fi àrùn dán ara yín wò. Tẹ́tánọ́ọ̀sì a máa di àwọn alárinà tó ń dá iṣan lẹ́kun lọ́wọ́, ìdí nìyẹn tí àgbọ̀n fi ń gan. Àrùn rọpárọsẹ̀, tí àwọn Hausa ń pè ní shan inna, ń pa motor neuron: ẹsẹ̀ a gbẹ, a kọ̀ kò gbé ara, síbẹ̀ bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, olúwa rẹ̀ á mọ̀. Àgbàlagbà tí àrùn yìí bá jà lọ́mọdé ṣì pọ̀ láàárín wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ní 2020 ni wọ́n kéde pé irú kòkòrò rẹ̀ tó jẹ́ ti àdánidá, tí kì í ṣe èyí tó ti ara àjẹsára wá, ti kúrò ní Áfíríkà.

Ẹ̀tẹ̀ yàtọ̀ sí i. Sẹ́ẹ̀lì Schwann ni kòkòrò rẹ̀ ń wọ̀, ìmọ̀lára ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ lọ. Nọ́ọ̀sì a ní kí aláìsàn dijú, a wá fi fọ́nrán òwú díẹ̀ kan àbàwọ́n tó wà lára rẹ̀ fẹ́rẹ́, kí ó fi ìka tọ́ka síbi tí òwú ti kàn án. Bí ó bá tọ́ka sí ara tó mọ́ níbi gbogbo, tí kò sì mọ̀ nígbà tí òwú kan àbàwọ́n náà, ẹ tètè fi í ránṣẹ́ sí dókítà. Láti 1995 ni oògùn rẹ̀ ti wà lọ́fẹ̀ẹ́.