Bí a ṣe ń wá ọ̀dà tó bá ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ àtijọ́ mu

Ẹni tó ń tún Mustang àtijọ́, ọkọ̀ Ford, ṣe lè ná owó gọbọi sórí ara ọkọ̀ àti ìjókòó, ṣùgbọ́n tó bá kan ẹ́ńjìnnì, á kàn ní kí wọ́n bá òun ra agolo ọ̀dà búlúù kan wá. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń wọ́. Ẹni tó mọ ọkọ̀ náà á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á wo ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀kan péré, á sì mọ̀ pé wọn ò bi irin léèrè kí wọ́n tó kùn ún. Bíbi irin léèrè yìí, ìyẹn wíwá àwọ̀ tí ilé iṣẹ́ kọ́kọ́ kùn ún, ló ń gba àkókò jù. Kíkùn rẹ̀ gan-an kì í ju iṣẹ́ ọjọ́ kan lọ.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ọdún tí wọ́n ṣe ẹ́ńjìnnì náà. Mustang 1965 tó ní ẹ́ńjìnnì 289 (ìwọ̀n ẹ́ńjìnnì ní íńṣì kúbíìkì nìyẹn), dúdú ni búlọ́ọ̀kù rẹ̀, ìyẹn irin ńlá ara ẹ́ńjìnnì, àwọ̀ wúrà sì ni tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà àti ilé fíltà afẹ́fẹ́ rẹ̀. Ìgbà tí mọ́dẹ́ẹ̀lì 1966 dé ni Ford sọ ẹ́ńjìnnì wọn di búlúù. Tiwọn lọ́dọ̀ Chevrolet tún yàtọ̀: àwọ̀ ọsàn ni wọ́n fi ń kun V8 kékeré wọn (ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́jọ) láti ìgbà tó ti jáde ní 1955, kí wọ́n tó yí i sí búlúù ní 1977. Ẹ ò rí i pé ọ̀dà búlúù tí èèyàn rà “torí pé Ford ni” á ba Mustang 1965 jẹ́.

Àmọ́ ọkọ̀ tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ẹ́ńjìnnì inú rẹ̀ lè má jẹ́ èyí tó bá a jáde ní ilé iṣẹ́. Ẹ wo nọ́ńbà tí wọ́n dà mọ́ irin búlọ́ọ̀kù 289, lókè sítátà. Tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú C5AE, C dúró fún àwọn ọdún 1960 sí 1969, 5 sì ni 1965. Ẹ tún wá nọ́ńbà kúkúrú kan bíi 5F12. Ọjọ́ tí wọ́n da irin náà nìyẹn: 5 fún 1965, F fún oṣù kẹfà, 12 fún ọjọ́ kejìlá. Ẹ fi wé ọjọ́ tí wọ́n ṣe ọkọ̀ fúnra rẹ̀, èyí tó wà lára páànù kékeré ara ilẹ̀kùn. Búlọ́ọ̀kù tí wọ́n dà ní oṣù keje 1965 lè ti wọ inú mọ́dẹ́ẹ̀lì 1966, tí wọ́n ti ń ṣe kí 1965 tó parí, nítorí náà ẹ má wo ọdún nìkan.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá ọ̀dà àkọ́kọ́ lára ẹ́ńjìnnì. Ẹ má gba ẹ̀rí ọ̀dà tó wà lójú gbangba, torí iná ti sun ún, ọ́ìlì ti rin ín, ẹlòmíì sì lè ti kun tirẹ̀ lé e. Ibi tó fara pamọ́ ni kí ẹ wò: abẹ́ irin tó gbé altánétọ̀ dúró, ẹ̀yìn ibi tí ẹ́ńjìnnì ti jókòó lórí rọ́bà rẹ̀, etí ibi tí gásíkẹ́ẹ̀tì bò. Ẹ wò ó kí ẹ tó gbé búlọ́ọ̀kù lọ fún fífọ̀. Èyí dùn mí rí. Mo gbé ọ̀kan lọ fún fífọ̀ láì yẹ̀ ẹ́ wò, irin pọ́ńbélé ni wọ́n gbé padà fún mi, kò sí ibi tí mo lè bi léèrè mọ́.

Tí ẹ bá rí ibi tó ṣì ní ọ̀dà, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́ jẹ́jẹ́, kí ẹ wá fi sáńpépà tó kúnná gan-an, tí ẹ rẹ sómi, ha ojú kan bí ẹyọ owó. Ìpele ọ̀dà á jáde ní òbírí-òbírí. Èyí tó sún mọ́ irin jù ni ti àkọ́kọ́. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ní ojúmọmọ.

Ìgbà yìí ni ọ̀rọ̀ ríra ọ̀dà ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn. Ìdérí agolo kì í sọ òótọ́ àwọ̀, ọ̀dà ilé iṣẹ́ méjì tí wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà sì lè má jọra. Ẹ gé páànù kékeré kan, ẹ kun ọ̀dà ìpìlẹ̀ tí ẹ máa lò fún ẹ́ńjìnnì sí i, kí ẹ kun ọ̀dà náà lé e, kí ẹ sì fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, torí àwọ̀ ń yí bó ṣe ń gbẹ. Ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú tí ẹ ha, ní ìta, lábẹ́ ìbòòji. Àwọ̀ méjì tó jọra lábẹ́ gílóòbù lè pínyà tí ẹ bá gbé wọn síta. Ẹ wo dídán wọn pẹ̀lú. Ọ̀dà tí kò dán máa ń dà bíi pé ó mọ́lẹ̀ ju èyí tó ń dán lọ.

Àwọn tó ń po ọ̀dà ọkọ̀ ní ẹ̀rọ tó ń ka àwọ̀. Ẹ mú irin pẹlẹbẹ kan lọ fún wọn, èyí tí iná kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, torí ohun tí ẹ bá gbé síwájú ẹ̀rọ náà ló máa kà, bó ti ṣá tó. Ní tèmi, tí ọ̀dà ẹ́ńjìnnì inú agolo bá ti sún mọ́ ọn dáadáa, òun ni mo máa ń mú. Mo mọ̀ pé mo lè tún rí irú rẹ̀ rà nígbà tí sípánà bá họ ọ́.

Ẹ má fojú kéré ooru. Búlọ́ọ̀kù tí omi ń mú tutù máa ń wà ní nǹkan bíi 90 sí 100 lórí ìwọ̀n Celsius, ọ̀dà ẹ́ńjìnnì tó ń gba 260 sì tó fún un. Mánífóò sàléńsà lè kọjá 500, ọ̀dà tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni, èyí tó ń gba nǹkan bíi 650. Ìjàpá Volkswagen, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Èkó ní 1975, ní òfin tirẹ̀: afẹ́fẹ́ ló ń mú un tutù, nítorí náà páànù tó bo ẹ́ńjìnnì ni ẹ lè kùn ní dúdú. Ẹ má da ọ̀dà bo àwọn irin wẹ́wẹ́ ara sílíńdà. Ọ̀dà tó nípọn á dà bí aṣọ òtútù fún un.

Tí ẹ bá fẹ́ kùn ún, ẹ ha ìpẹtà kúrò, ẹ dí gbogbo ihò àti ojú tí gásíkẹ́ẹ̀tì máa jókòó lé, ẹ fi tínà àti aṣọ mímọ́ nù ún, kí ẹ má sì fọwọ́ lásán kàn án mọ́. Ọjọ́ yẹn náà ni kí ẹ kùn ún, kó tó tún dógùn-ún. Kíkùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta dára ju kíkùn kíki lẹ́ẹ̀kan lọ. Ọ̀dà tí wọ́n ń po hádínà mọ́, èéfín rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ìbòmú onípépà kò sì lè dá a dúró: ẹ fi sílẹ̀ fún pẹ́ńtà tó ní ìbòmú tó ń gba afẹ́fẹ́ láti ibòmíì.

Ẹ má kánjú da epo sí i. Ẹ rin aṣọ pẹ̀lú bẹntiróòlù díẹ̀, ẹ fi nu ibi tí ojú ò dé. Tí àwọ̀ bá ràn mọ́ aṣọ náà, ó ṣì ku ọjọ́ díẹ̀. Ẹ rọ ọ̀dà tó bá ṣẹ́ kù sínú ìgò tó ní ìdérí dáadáa. Ẹ máa nílò rẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹ bá ń de bóòtù tó kẹ́yìn.